Bí mo ṣe pa eyín ayùn rẹ́ lára onílù tí mo gbé síwájú Àpáta Olúmọ

Osán ìlù ló tú àṣírí iṣẹ́ mi. Mo ti fi Blender, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àwòrán 3D, ṣe bàbá onílù kan, pẹ̀lú agbádá, fìlà, àti ìyáàlù tí ṣaworo yí ojú rẹ̀ ká, mo sì gbé e síwájú fọ́tò Àpáta Olúmọ tí mo fúnra mi yà lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló fẹ́ fi àwòrán náà ṣe kàlẹ́ńdà. Lójú fóònù, ó dára. Ìgbà tí a tẹ̀ ẹ́ sórí bébà A3 ni ọ̀rọ̀ yí padà: gbogbo etí agbádá rí pálapàla bí eyín ayùn, osán tó yẹ kó lọ tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀ sì já síbí, ó já sọ́hùn-ún. Ẹ̀gbọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, "Àbúrò, bàbá yìí jọ ẹni tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri." Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Mo kọ́kọ́ fi blur, tó ń mú kí àwòrán ṣe bàìbàì, pa etí rẹ̀. Eyín ayùn náà rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ìlà dúdú kan wá yí bàbá ká, ó sì hàn ketekete lójú ọ̀run ọyẹ́ tó funfun. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ibi tí àrùn wà kọ́ ni mò ń fi oògùn sí.

Orí ilẹ̀ dúdú ni mo ti jẹ́ kí Blender gbé àwòrán náà jáde, mo wá lọ sínú GIMP, ètò tí a fi ń tún fọ́tò ṣe, mo fi Fuzzy Select, irinṣẹ́ tó ń ṣa ibi tí àwọ̀ wọn jọra, mú dúdú yẹn, mo pa á rẹ́. Ẹ jẹ́ ká wo píksẹ̀lì kan ṣoṣo, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn ẹyọ kékeré tó para pọ̀ di àwòrán, létí osán. Osán gba ìdajì rẹ̀, dúdú gba ìdajì yòókù, àwọ̀ méjèèjì ti pò di ọ̀kan. Bí mo ṣe lo irinṣẹ́ náà, kò mọ ìdajì: yóò mú píksẹ̀lì náà tàbí kó fi í sílẹ̀. Ìyẹn ló bí eyín ayùn. Èyí tó sì fi sílẹ̀ ti mu dúdú yó. Kò sí bí a ṣe máa gbé e sórí funfun tí kò ní hàn.

Alpha ló mọ ìdajì. Nọ́ńbà kẹrin ni, tí píksẹ̀lì ń gbé pọ̀ mọ́ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Nínú fáìlì oníbíìtì 8, 0 ni ibi tí kò sí nǹkan kan, 255 ni ibi tí nǹkan bò pátá, ìdajì á wà ní bíi 128. Thomas Porter àti Tom Duff ló kọ ìṣirò bí a ṣe ń fi í to àwòrán lé ara wọn jáde lọ́dún 1984, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn títí dòní.

Mo padà sí Blender. Lábẹ́ Film, mo fi àmì sí Transparent, kí ẹ̀yìn bàbá má ní àwọ̀ kankan mọ́. Mo yan PNG, mo yí RGB sí RGBA, torí RGB kò ní àyè fún alpha rárá. Mo tún gbé Resolution sí 200%, kí bàbá tó máa ga ní píksẹ̀lì 2400 lórí kàlẹ́ńdà lè jáde ní 4800. Iṣẹ́ tó gba ìṣẹ́jú 25 tẹ́lẹ̀ wá fẹ́rẹ̀ẹ́ gba wákàtí méjì. Kò dùn mí. Nígbà tí mo dín in kù sí ìdajì, tí píksẹ̀lì mẹ́rin ń para pọ̀ di ẹyọ kan, osán kankan kò já mọ́.

Ṣaworo nìkan ló ṣe agídí. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ mànà lára idẹ náà ṣì ní eyín, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá lágbára jù máa ń bo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú píksẹ̀lì tí wọ́n jọ pín. Ìdajì rẹ̀ nìkan ti tó láti sọ gbogbo píksẹ̀lì náà di funfun. Mo gbé Roughness idẹ, nọ́ńbà tó ń sọ bí ojú rẹ̀ kò ṣe ní dán tó, láti 0.1 sí 0.3, dídán rẹ̀ rọlẹ̀, etí rẹ̀ sì gún.

Síbẹ̀, nǹkan kan ṣì ń yọ mí lẹ́nu. Mo sún àwòrán mọ́ra dé 400%, mo rí i pé etí àpáta ń gba píksẹ̀lì méjì tàbí mẹ́ta kó tó di ojú ọ̀run, ti bàbá ń gba ẹyọ kan péré. Etí rẹ̀ mú ju ti fọ́tò lọ! Ojú kámẹ́rà mi kì í ríran tó bẹ́ẹ̀. Mo fún bàbá látòkè délẹ̀ ní Gaussian Blur 0.7, mo bu hóró díẹ̀ sí i bí àwọn tó-tò-tó inú fọ́tò, mo wá lo Alpha to Selection, tó ń ṣa ibi tí bàbá wà nìkan, láti fi àwọ̀ ọyẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́ kun èjìká àti etí fìlà rẹ̀. Òjìji abẹ́ ẹsẹ̀ ni mo ṣe kẹ́yìn.

Ẹ̀gbọ́n gbé bébà kejì lọ sídìí fèrèsé. Wọ́n fi èékánná tọ osán kọ̀ọ̀kan, láti ojú ìlù òkè dé tìsàlẹ̀, wọn ò sọ̀rọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Jẹ́ kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́."