Bí mo ṣe ṣírò ooru tó ń bá sàlẹ́ńsà lọ ní Ìlúpéjú àti Mátọ́rì

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì àkọ́kọ́ tí mo bá ní Town Planning Way, ní Ìlúpéjú l'Ékòó, wò mí tòkètilẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá ò sí." Bẹ́ẹ̀ mo ń gbọ́ tí ọ̀gá ń jágbe mọ́ ẹnì kan nínú ọgbà. Ìbéèrè kan péré ló gbé mi débẹ̀: lítà dísù mélòó lẹ ń jó lóòjọ́? Àṣé lójú wọn, ẹni tó bá bèèrè bẹ́ẹ̀, owó orí ló wá gbà.

Àbúrò mi kan tó ń ta ẹ̀rọ tí ń fi èéfín gbígbóná se omi ló bẹ̀ mí níṣẹ́ náà. Kó tó kówó lé e, ó fẹ́ mọ bí ooru tó ń bá sàlẹ́ńsà, ìyẹn páìpù èéfín jẹnẹrétọ̀, ṣòfò ládùúgbò yẹn ṣe pọ̀ tó.

Lọ́jọ́ kìíní, ohun tí wọ́n kọ sára jẹnẹrétọ̀ ni mo gbára lé. Tí wọ́n bá kọ 500 kVA, èmi náà á kọ 500 kW sínú ìwé mi. Mo mà ṣìṣe o! kVA ni ìwọ̀n tí wọ́n ń kọ sára ẹ̀rọ, kW ni agbára tó ń ṣiṣẹ́ gan-an; 400 kW ni 500 kVA sábà máa ń jẹ́, kò sì sẹ́ni tó ń di gbogbo ẹrù tó lè gbé rù ú.

Bàbá kan tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ níléeṣẹ́ oníke kan ní Mátọ́rì ló là mí lójú. Orí bẹ́ǹṣì níta ni wọ́n jókòó sí, torí inú ilé jẹnẹrétọ̀ ò ṣeé wọ̀. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá." Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, fi ara ẹ̀rọ sílẹ̀, ìwé ni kó o wò." Ìwé náà ti rin fún epo, àmọ́ wákàtí tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ àti dísù tó mu wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan.

Wákàtí 10, lítà 690, ìyẹn lítà 69 ní wákàtí kan. Lítà dísù kan ní agbára tó tó 10 kWh, nítorí náà 690 kW ló ń wọnú ẹ̀rọ yẹn. Iná tó ń mú jáde ò ju 240 kW lọ. Gbogbo ìyókù, ooru ni: rédíétọ̀ ń gbé tirẹ̀ lọ, ara ẹ̀rọ ń tú díẹ̀ dànù, mo wá fi ìdá kan nínú mẹ́ta agbára dísù fún sàlẹ́ńsà, ìyẹn 230 kW.

Ibí ni mo ti fẹ́ fò sókè, àmọ́ gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ṣeé gbà. Èéfín náà ń jáde ní nǹkan bí 450°C. Bí a bá jẹ́ kó tutù jù, imí ọjọ́ inú dísù á di ásíìdì, á sì jẹ páìpù. Mo dúró sí 150°C. Látorí 450 dé 30 tí í ṣe ti afẹ́fẹ́ wa, 420 ni. 300 péré la lè gbà níbẹ̀. 230 wá di 164 kW.

Ta ló fẹ́ ẹ? Ní Denmark, wọ́n ń fi páìpù gbé irú ooru báyìí wọ ilé àwọn èèyàn. Òtútù wo ló ń mú ará Mátọ́rì? Ẹni tó ń fọ ìgò tàbí tó ní bọ́ílà á rí i lò. Iléeṣẹ́ bàbá ò nílò omi gbígbóná rárá, omi tútù tí wọ́n fi ń tu mọ́ọ̀dì ike ni wọ́n ń wá. Ẹ̀rọ kan wà tó ń fi ooru ṣe òtútù, ó sì lè sọ 164 kW di bíi 115 kW òtútù. Ohun tí àbúrò mi ń tà kọ́ nìyẹn ṣá.

NEPA ló tún wá dà mí láàmú. Tí wọ́n bá ti mú iná wá, jẹnẹrétọ̀ á kú, ooru mi náà á sì pòórá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi kọ iye kan ṣoṣo fún ilé iṣẹ́ mẹ́sàn-án tó gbà mí láyè: 0.8 sí 1.3 MW (1 MW jẹ́ 1,000 kW) ni mo kọ, kìkì ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́.

Àbúrò mi pè mí lálẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n mú nínú méjèèjì?" Mo ní kó mú 0.8, kó sì kọ́kọ́ lọ bá àwọn tó ń fọ ìgò.