Ìgbẹ́ àgbáǹréré ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n tí kọ̀ríà bà jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́

Ó ti ń lọ sí ọdún méjì báyìí, síbẹ̀ tí mo bá ti rí mọ́tò kọ̀ríà, àwọn tó ń báni gbé ẹrù ránṣẹ́, lójú títì, inú á kàn máa bí mi ni.

Ọgbà ẹranko kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn àgbáǹréré dúdú ìlà oòrùn Áfíríkà ni mò ń tọ́jú. Abo kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń pè ní Àbẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan a wò ó lójú, a ní ó ti ń wá akọ, la bá ṣí géètì. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tí ìjà bẹ́ sílẹ̀, akọ fi ìwo ya á lẹ́gbẹ̀ẹ́, owó dókítà ẹran ọjọ́ yẹn kò ṣeé gbọ́ sétí, oṣù méjì gbáko ni mo fi ń wẹ egbò. Ibi tí mo ti ń wẹ̀ ẹ́ ni mo ti pinnu pé a ò ní fojú díwọ̀n ọ̀rọ̀ yìí mọ́.

Ṣé ẹ rí i, àgbáǹréré kì í gbé pọ̀ bíi màlúù, akọ àti abo ò fẹ́ rí ara wọn sójú àfi ọjọ́ díẹ̀ tí ara abo bá gbà á, ìyẹn sì máa ń yí po ní nǹkan bí ọjọ́ 26. Họ́mónù kan, èròjà inú ara, wà tí wọ́n ń pè ní progesterone, ó máa ń bá ìgbẹ́ jáde, tó bá lọ sílẹ̀, ọjọ́ ti ń tó nìyẹn. Ẹ ò ní gún un lábẹ́rẹ́, ẹ ò ní gba ẹ̀jẹ̀.

Kíkó ìgbẹ́ ò le: èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láàárọ̀, ẹ mú ti àárín, ẹ kọ déètì, ó di fìrísà. Wàhálà ibẹ̀ kò ju pé Àbẹ̀kẹ́ àti ìyá ẹ̀ jọ ń sùn, ìgbẹ́ tọmọ ò sì yàtọ̀ sí tìyá nílẹ̀. Mo wá ń fi glítà, nǹkan wẹ́wẹ́ tó ń dán, tí kò ní májèlé sínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún Àbẹ̀kẹ́, aláwọ̀ ewé, tí n bá fi igi tú ìgbẹ́ láàárọ̀ á máa tàn yinrin yinrin láàárín koríko, màá ti mọ̀ pé tọmọ nìyẹn. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yẹn gan-an.

Ọjọ́ méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi kó o, mi ò gba ìsinmi kankan. Mo tò ó sínú páálí pẹ̀lú yìnyín, mo fi rán kọ̀ríà lọ sí láàbù tó máa wọn họ́mónù náà ní Tọ́sìdeè, mi ò rántí pé ọ̀la ẹ̀ ni Good Friday. Fọ́ọ̀mù ní kí n kọ ohun tó wà nínú ẹ̀, mo sì kọ òótọ́. Ẹnì kan níbi tí wọ́n ń kó ẹrù jọ sí rí "ìgbẹ́ ẹranko", ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò pe ẹnikẹ́ni. Mo pè wọ́n ní Sátidé, ẹ̀rọ ló ń dá mi lóhùn. Mo pè ní Sọ́ńdè, bákan náà. Ní Túsìdeè obìnrin kan gbé e, ó ní kí n dúró, orin ni mo ń gbọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, ó padà ó ní kí n kọ lẹ́tà. Lẹ́tà! Yìnyín ń yọ́, ó ń ní kí n kọ lẹ́tà.

Wẹ́sìdeè ni láàbù ṣí i. Omi. Tí ìgbẹ́ bá ti yọ́ báyẹn, kòkòrò inú ẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ họ́mónù, nọ́ńbà tó bá jáde níbẹ̀ ò ṣeé gbà gbọ́. Owó tí mo fi rán an nìkan ni kọ̀ríà dá padà.

Ẹlòmíì á ní ìgbẹ́ lásán ni. Lọ́dún 1970 àgbáǹréré dúdú tó nǹkan bí 65,000, nígbà tó fi máa di 1995 wọn ò pé 2,500 mọ́. Ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, tó ṣẹ́kù sí Cameroon, ti parun pátápátá, 2011 ni wọ́n kéde ẹ̀. Ti ọgbà ẹranko sì wúlò, ṣebí márùn-ún láti Yúróòpù ni wọ́n kó lọ sí Akagera, igbó ọba kan ní Rwanda, ní 2019. Àwọn ará ọgbà ẹranko Cincinnati ní Amẹ́ríkà náà jìjàkadì pẹ̀lú àgbáǹréré Sumatra, irú míì láti Éṣíà, ìjà ṣáá ni, àfìgbà tí wọ́n wo họ́mónù tí wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo inú abo, kí ọmọ kan, Andalas, tó délé ayé ní 2001, àkọ́kọ́ irú ẹ̀ tí wọ́n máa bí sí àhámọ́ láti 112 ọdún sẹ́yìn ìgbà yẹn.

Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Lọ́tẹ̀ yìí mo pín ìkọ̀ọ̀kan sí méjì, ìdajì ò kúrò ní fìrísà wa, mo sì wa mọ́tò mi lọ. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà sọ, a ṣí géètì. Àbẹ̀kẹ́ dúró. Akọ gbé àgbọ̀n lé e nídìí, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sùn, ó pẹ́ kó tó gùn ún. Nǹkan bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà ó bí abo láago mẹ́ta òru, kámẹ́rà la fi ń wò wọ́n, kò pẹ́ tọ́mọ fi gbìyànjú àtidìde. Mo ní, Àbẹ̀kẹ́, o kú ewu ọmọ o. Omi ń bọ́ lójú mi.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán nǹkan ní Tọ́sìdeè, ẹ má sì rán gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Abo míì la wà lórí ẹ̀ báyìí, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti wà nínú fìrísà, tó bá ti pé, èmi ni màá wà á lọ.