Bí mo ṣe fi àṣẹ wá àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì tó ń lo àdírẹ́sì àtijọ́ nínú IBM MQ

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi kò gùn lẹ́nu. Ilé iṣẹ́ kan tí àwa àti wọn jọ ń fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ síra wa fẹ́ kó sáfà wọn lọ síbòmíràn, àdírẹ́sì rẹ̀ yóò sì yí padà. Kí n wá gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì wa tó ń lọ sí àdírẹ́sì àtijọ́, kí n kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ká lè tún wọn ṣe ní òru ọjọ́ tí wọ́n bá kó. Ọ̀gá mi kìlọ̀ fún mi pé kí n má fọwọ́ kan nǹkan kan, kí n kàn wò ó. Ìyẹn bá mi lára mu, torí àṣẹ DISPLAY kì í tún nǹkan ṣe, wíwò ló ń wò.

Fún ẹni tí kò bá tíì lo IBM MQ rí, ètò kọ̀ǹpútà tó ń gbé mẹ́sééjì láti ibì kan sí òmíràn ni. Queue manager ni ilé tí mẹ́sééjì ń dúró sí, ṣánẹ́ẹ̀lì sì ni ọ̀nà tó ń gbà kúrò nínú ilé kan bọ́ sí òmíràn. Ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀: orúkọ, tí kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 20 lọ, irú èyí tó jẹ́, ìyẹn CHLTYPE, bó bá sì jẹ́ èyí tó ń ránṣẹ́ jáde, yóò ní CONNAME, àdírẹ́sì ibi tó ń lọ. Nọ́ńbà pọ́ọ̀tì máa ń wà nínú àkámọ́ lẹ́yìn àdírẹ́sì náà. Tí kò bá sí níbẹ̀, 1414 ni MQ máa lò.

Mo wọlé sórí sáfà, mo tẹ dspmq kí n lè rí orúkọ queue manager tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní QM1. Mo tẹ runmqsc QM1, ìyẹn irinṣẹ́ tí a fi ń pàṣẹ fún queue manager, mo sì kọ́kọ́ bèèrè gbogbo ṣánẹ́ẹ̀lì:

DISPLAY CHANNEL(*)

DIS CHL(*) náà ni, ìkékúrú rẹ̀ nìyẹn, òun ni mo sì ń lò láti ìgbà náà lọ. Ìràwọ̀ yẹn dúró fún gbogbo orúkọ. Orúkọ àti irú nìkan ló tò sílẹ̀ fún mi, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SYSTEM, bíi SYSTEM.DEF.SENDER àti SYSTEM.DEF.SVRCONN. Àwọn yẹn máa ń wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti dá queue manager sílẹ̀. Àwòkọ́ṣe ni wọ́n fún àwọn tí ènìyàn bá máa ṣe. Mo fò wọ́n.

Mo mú orúkọ kan nínú àwọn tó kù, mo bèèrè rẹ̀ láìfi ìràwọ̀ sí i, gbogbo àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì tú jáde: BATCHSZ(50), DISCINT(6000), HBINT(300), MAXMSGL(4194304), àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo bèèrè òmíràn, ó dáhùn pẹ̀lú AMQ8147E, pé kò sí nǹkan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i lójú mi nínú ìwé tó tò! Lẹ́tà kékeré wà nínú orúkọ náà ni. Tí ẹ ò bá fi àmì àyọlò sí orúkọ, runmqsc máa sọ gbogbo rẹ̀ di lẹ́tà ńlá kó tó lọ wá a. Mo fi àmì àyọlò ẹlẹ́yọ kan yí i ká, ó sì jáde.

Ó wá ku kí n fi asẹ́ sẹ́ ẹ. Mi ò lè kọ àdírẹ́sì gidi síbí, torí náà 192.0.2.15 ni máa fi dípò rẹ̀:

DIS CHL(*) CHLTYPE(SDR) WHERE(CONNAME LK '192.0.2.15*') CONNAME XMITQ

CHLTYPE(SDR) ní kó mú àwọn tó ń ránṣẹ́ jáde nìkan. WHERE ni asẹ́ fúnra rẹ̀, LK sì ní kó mú ohun tó bá bẹ̀rẹ̀ báyìí. CONNAME àti XMITQ (ibi tí mẹ́sééjì ń dúró sí kí ṣánẹ́ẹ̀lì tó gbé e) tó wà ní ìparí ni ohun tí mo fẹ́ kó fi hàn mí lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbìyànjú láti fi WHERE kejì sí i, ó kọ̀ ọ́. Asẹ́ kan ṣoṣo ni àṣẹ kan ń gbà. Bí ẹ bá fẹ́ sẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ó gbé èsì rẹ̀ fún irinṣẹ́ mìíràn.

Méje ló jáde. 192.0.2.150 ni ọ̀kan nínú wọn, torí òun náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.0.2.15. Mo yọ ọ́ kúrò, ó ku mẹ́fà. Mo kọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀, mo ti fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá mi, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Mo tún tẹ àṣẹ kan náà láìsí WHERE, mo sì rọra ń ka CONNAME wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbẹ̀ ni mo ti rí èyí:

CONNAME(198.51.100.7(1414),192.0.2.15(1414))

Àdírẹ́sì méjì ló wà nínú ẹyọ kan, kọ́mà ló sì pín wọn. MQ gba irú rẹ̀ láàyè: ṣánẹ́ẹ̀lì á gbìyànjú ti àkọ́kọ́, tí kò bá ṣeé ṣe, á lọ sí èkejì. Àdírẹ́sì tí mò ń wá ló wà nípò kejì. LK kò sì lè rí i, torí ìparí nìkan ni ìràwọ̀ lè wà nínú ohun tí a fún un, kò ṣeé fi síwájú. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń wò. Ṣánẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ṣe fún ọjọ́ ìṣòro gan-an nìyí. Ká ní a fò ó, ọjọ́ tí àdírẹ́sì àkọ́kọ́ bá kú la máa tó mọ̀.

Mo jáde kúrò nínú runmqsc, mo ní kí dmpmqcfg kó gbogbo àkọsílẹ̀ jáde, kí ṣánẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wà lórí ìlà kan ṣoṣo:

dmpmqcfg -m QM1 -x object -t channel -o 1line | grep -F '192.0.2.15'

Ibi yòówù kí àdírẹ́sì wà lórí ìlà, grep, irinṣẹ́ tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú èsì, á rí i. Ẹ má gbàgbé -F o, torí láìsí i, àmì ìdánudúró tó wà láàárín nọ́ńbà á máa dúró fún lẹ́tà èyíkéyìí. A lè gbé èsì runmqsc náà fún grep, àmọ́ ìlà mélòó kan ló ń pín ṣánẹ́ẹ̀lì kan sí, ẹ lè rí CONNAME kẹ́ ẹ má rí orúkọ ẹni tó ni ín.

Mo bi àwọn onísáfà léèrè bóyá sáfà náà ní orúkọ tí ènìyàn lè lò dípò àdírẹ́sì, wọ́n ní ó ní. Mo fi orúkọ náà wá a, mo fi -i sí grep kí lẹ́tà ńlá àti kékeré má di ìdènà, ṣánẹ́ẹ̀lì kan tún yọ. Ó di mẹ́jọ. Èyí tó ń lo orúkọ yìí lè má nílò àtúnṣe rárá, tí wọ́n bá ti darí orúkọ náà sí àdírẹ́sì tuntun, àmọ́ mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àlàyé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo DIS CHS, tó ń fi ipò ṣánẹ́ẹ̀lì hàn. Èyí tí kò bá ní ipò kankan lọ́wọ́ kì í hàn níbẹ̀. AMQ8420I lẹ máa rí. Èyí tó ní àdírẹ́sì méjì yẹn sì ń ṣiṣẹ́ lórí ti àkọ́kọ́, CHS ì bá má fi èkejì hàn mí láéláé.

Nígbà tí òru iṣẹ́ náà dé, a fi ALTER, àṣẹ tó ń yí àkọsílẹ̀ padà, tún àwọn méje ṣe. Mo fi WHERE(ALTDATE EQ ...) wo àwọn tí a fọwọ́ kàn lọ́jọ́ náà, ọdún ló ń ṣáájú, kí oṣù àti ọjọ́ tó tẹ̀lé e. Méje náà ni wọ́n pé. Àmọ́ nígbà tí mo tẹ DIS CHS fún ọ̀kan nínú wọn, àdírẹ́sì àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, nítorí wọn kò tíì pa sáfà àtijọ́, ṣánẹ́ẹ̀lì tó sì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ kì í gba àtúnṣe títí ó fi máa dúró. Mo fi STOP CHANNEL dá a dúró, mo fi START CHANNEL gbé e dìde, mo tún bèèrè: STATUS(RUNNING), àdírẹ́sì tuntun ló sì wà nínú CONNAME. Mo bọ́ sí èyí tó kàn.