Bí A Ṣe Ń Rẹ́wọ́ Igi Ńlá Inú Ọgbà Ilé Kí Ìjì Tó Dé

Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ti ṣí páànù ilé kan ládùúgbò, ọjọ́ kejì lẹ ó máa gbọ́ ariwo ẹ́ńjìnnì agégi káàkiri. Ẹ̀rù ti ba gbogbo ènìyàn. Wọ́n á pe ọmọkùnrin tó ni ẹ́ńjìnnì, wọ́n á ní kó bẹ́ máńgórò ẹ̀yìnkùlé lórí, kó ṣẹ́ku bí òpó iná. Wọ́n á sanwó, ọkàn wọn á balẹ̀. Kò sì yẹ kó balẹ̀. Igi tí wọ́n bẹ́ lórí á rú èéhù yàà, gbogbo rẹ̀ á sì máa dìde láti abẹ́ èèpo, láìfẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú igi gan-an. Láàárín ọdún mẹ́ta, èéhù ti di ẹ̀ka tó wúwo, ojú ibi tí wọ́n gé sì ti ń jẹrà lábẹ́ rẹ̀. Ìjì tó bá tún dé á kàn ya wọ́n sọlẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹ má bẹ́ igi lórí. Ẹ rẹ́ ẹ lọ́wọ́.

Máńgórò ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ jù, torí òun ló pọ̀ jù ní àgbàlá wa ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ti igi furúùtù eléwé gbòòrò, píà àti dongoyárò. Ti àgbọn yàtọ̀.

Ẹ̀ka tó ti kú, ẹ gé e ní Oṣù Kìíní tàbí Oṣù Kejì, kí ìjì àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ka tútù, ẹ jẹ́ kí èso máńgórò tán ná, kí ẹ wá gé e nínú ẹ̀ẹ̀rùn kékeré tó máa ń bọ́ sí ìparí Oṣù Keje sí Oṣù Kẹjọ. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ á ti parí kí ìjì Oṣù Kẹsàn-án àti Ọ̀wàrà tó dé.

Kí ẹ tó mú ayùn, ẹ yí igi náà po lẹ́ẹ̀mejì. Olú tó bá hù sí ìdí rẹ̀ tàbí sára rẹ̀ kì í ṣe fún ọbẹ̀. Ó ń sọ pé nǹkan ti ń jẹrà nínú ni. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké lù ú káàkiri: èyí tó le á dún kọ́kọ́, èyí tó ti dihò á dún bí ìlù. Ẹni tí kò bá ní àáké lè lo ọmọ odó. Mo ti lo ti ìyá mi rí, wọ́n sì bú mi dáadáa. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ńlá méjì ti jọ dìde ní ìfẹ̀gbẹ́kẹ̀gbẹ́, tí èèpo há sí àárín wọn: ibẹ̀ ni igi sábà máa ń là sí. Bí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá sì ti sán lápá kan, tí igi ń dagun sí òdìkejì, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní rírẹ́, ẹ pe ẹni tó mọ̀ ọ́n gé pátápátá.

Ẹ wá àfòmọ́ pẹ̀lú. Àfòmọ́ ò ní gbòǹgbò, gbogbo igi ní í bá tan. Lórí furúùtù ló rọrùn jù láti rí, torí bí furúùtù bá wọ́wé, ewé àfòmọ́ á ṣì tutù lórí rẹ̀. Kí a kàn já ewé rẹ̀ kò ràn án, yóò tún yọ láti inú igi. Ẹ gé ẹ̀ka náà ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan sísàlẹ̀ ibi tó lẹ̀ mọ́.

Ní ti gígé ẹ̀ka ńlá, ibẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ti ń bà á jẹ́, torí náà ẹ fara balẹ̀ kà á. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n á gbé ayùn lé ẹ̀ka láti òkè, lẹ́bàá ara igi, á máa fà á lọ. Kí ayùn tó dé ìdajì, ẹrù ẹ̀ka á ti fa ara rẹ̀ já, á sì bó èèpo ara igi wálẹ̀ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo rí i lójú ara mi lára píà aládùúgbò wa kan: ó bó láti òkè títí dé ibi tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn. Ọgbẹ́ yẹn ò jiná.

Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń gé e. Ti àkọ́kọ́, ẹ wọn ẹsẹ̀ bàtà kan kúrò lára igi, kí ẹ fi ayùn gé e láti ìsàlẹ̀ sókè, títí yóò fi wọlé tó ìdámẹ́rin ẹ̀ka náà. Bí ẹ bá rí i pé ó fẹ́ há ayùn, ẹ dúró. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ bọ́ sókè, kí ẹ sún síwájú ní íǹṣì méjì tàbí mẹ́ta sí ọ̀nà ṣóńṣó ẹ̀ka, kí ẹ wá gé e wálẹ̀. Ẹ̀ka á já, àmọ́ bí ó bá fẹ́ bó, ojú àkọ́kọ́ ni yóò dá a dúró. Ó wá ku kùkùté kékeré lọ́wọ́ yín.

Kùkùté yìí gan-an ni ẹjọ́. Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára igi: ẹ ó rí i pé ó wú díẹ̀, èèpo ibẹ̀ sì hun jọ. Èmi ń pè é ní ọrùn ẹ̀ka. Láti ara rẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ dé. Ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ẹ gé kùkùté ní ìta ọrùn yìí gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fá a mọ́ ara igi kó lè dán ti gé ọrùn dànù. Ẹni tó bá fi kùkùté sílẹ̀ gbọọrọ kó lè ráyè sáṣọ, ó ti ṣílẹ̀kùn fún ìjẹrà. Bí ẹ bá ṣe é re, èèpo tuntun á máa yí ojú ọgbẹ́ po, á máa súnkì bí ẹnu àpò tí wọ́n ń fa okùn rẹ̀. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún, ẹ má sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú pa á. Omi ló ń há sábẹ́ rẹ̀.

Ẹ má gbà ju ìdámẹ́rin ewé igi lọ lọ́dún kan. Bí igi bá ti darúgbó, kí ó kéré sí i. Ẹ má sì ká gbogbo ẹ̀ka inú kúrò, kó wá ku ewé ní ṣóńṣó nìkan bí ìrùkẹ̀rẹ̀. Atẹ́gùn fẹ́ràn ìyẹn láti fì. Ṣóńṣó ni kí ẹ dín kù, kí ẹ gé e padà sí ibi tí ẹ̀ka mìíràn ti yà, èyí tó nípọn tó ìdámẹ́ta ohun tí ẹ gé, ó kéré tán.

Ayùn ọlọ́wọ́ tó tẹ̀ bí dòjé ni mo fẹ́ràn jù. Àdá kò dára fún ẹ̀ka tó bá ju ìka ọwọ́ lọ, ńṣe ló ń fọ́ igi wẹ́wẹ́. Karosíìnì díẹ̀ á bọ́ oje kúrò lára ayùn. Oje máńgórò fúnra rẹ̀ a máa jó ara, ẹ wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn. Ẹnikẹ́ni má gbé ẹ́ńjìnnì agégi gun àkàbà. Bí ẹ̀ka bá sì ti súnmọ́ wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án. Igi tútù ń gbé iná. Kí àwọn oníná wá pa á ná.

Gbòǹgbò lẹni tó ń di igi mú, òun la sì ń fi ìyà jẹ jù. Ìjì tiwa sábà máa ń ti ìlà-oòrùn wá, nítorí náà gbòǹgbò tó wà lápá ìlà-oòrùn ló ń fa igi dúró nígbà tí atẹ́gùn bá ń tì í. Bí ẹ bá ń gbẹ́lẹ̀ ọgbà tàbí sọ́kàwéè lápá ibẹ̀, ẹ gbé e jìnnà. Ẹ má rọ kankéré yí ìdí igi ká, ẹ má kó iyanrìn kọ́lékọ́lé jọ tì í, ẹ má sun pàǹtí síbẹ̀. Ewé gbígbẹ tí ẹ ń gbá dànù láràárọ̀, ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ igi, kó má kàn án lára. Ó ti tó ajílẹ̀.

Àgbọn ò ní ẹ̀ka, kò sì ní kùkùté tó ń pa dé. Imọ̀ rẹ̀ tó ti gbẹ àti èso tó gbó nìkan ni kí ẹ gé. Ẹni tó bá gé ọkàn àárín orí rẹ̀ ti pa á.

Bí ìjì bá borí gbogbo èyí, tí igi wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé. Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀ka tó tẹ̀ bí ọrun: ẹ̀gbẹ́ tó ká wọlé ni kí ẹ kọ́kọ́ gé díẹ̀díẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ta padà sí yín lójú. Igi kékeré tó dùbúlẹ̀ ṣeé gbé dìde ní ọjọ́ kan náà, kí ẹ fi èèkàn mẹ́ta àti okùn tó fẹ̀ dì í mú fún ọdún kan. Ti ńlá tí gbòǹgbò rẹ̀ ti já, ẹ má ṣe wàhálà, ẹ là á fún igi ìdáná.