Bí ẹ ṣe lè mọ iye epo tí ọkọ̀ hybrid kékeré yín ń jẹ gan-an

"Ọ̀gá mi, kì í jẹ epo. Òórùn epo lásán ló ń gbọ́." Ohun tí ẹni tó ta Prius C (hybrid kékeré ti Toyota, tó ń fi ẹ́ńjìnì epo àti bátìrì rìn) fún mi sọ nìyẹn, ó sì nàka sí 52 tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo gbà á gbọ́ fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ta ló ń wa ọkọ̀ l'Ékòó tàbí n'Íbàdàn tí kì í fọkàn ṣírò epo? Ohun tó mú kí hybrid tòkúnbọ̀ máa wu èèyàn nìyẹn. Àmọ́ ohun tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń kọ, ohun tí ẹni tó ń tà á ń wí, àti ohun tó ń jáde lápò yín, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ti àpò yín la fẹ́ wọ̀n. Ìwé kékeré kan, bírò kan àti fóònù tẹ́ ẹ fi ń ṣírò ti tó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí nọ́ńbà yẹn ń wí

Ọkọ̀ tó bá ti Amẹ́ríkà wá, máìlì àti gálọ́ọ̀nù ló ń kà. 52 yẹn túmọ̀ sí pé gálọ́ọ̀nù epo kan gbé e rin máìlì 52. Gálọ́ọ̀nù tiwọn jẹ́ lítà 3.785, máìlì kan sì jẹ́ kìlómítà 1.609. Gálọ́ọ̀nù àwọn Gẹ̀ẹ́sì tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, lítà 4.546 ni. Àbúrò mi tó wà ní London máa ń fi Yaris Hybrid rẹ̀ yangàn pé 60 lòun ń rí. Nígbà tá a jókòó ṣírò rẹ̀, 60 ti ọ̀dọ̀ wọn kò ju 50 ti Amẹ́ríkà lọ. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Èmi ti pa máìlì tì ní tèmi: iye kìlómítà tí lítà kan gbé mi rìn ni mò ń kọ, torí lítà la fi ń ra epo nílé.

Nígbà tí Prius C jáde l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2012, nọ́ńbà tí EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń wọn iye epo tí ọkọ̀ ń jẹ, fún un ni 53 nínú ìgboro, 46 lójú ọ̀nà márosẹ̀, 50 tá a bá da méjèèjì pọ̀. Fún èyí tó jáde lọ́dún 2017, wọ́n dín àpapọ̀ rẹ̀ kù sí 46. Tá a bá yí i sí tiwa, 50 jẹ́ kìlómítà 21.3 sí lítà kan, 46 sì jẹ́ 19.6. Ẹ wò ó dáadáa: ti ìgboro ló ga ju ti márosẹ̀ lọ. Ọkọ̀ tí kì í ṣe hybrid kì í rí bẹ́ẹ̀. A ó padà síbẹ̀.

Ẹ kún táńkì, kẹ́ ẹ sì dá Trip padà sí òdo

Ẹ mú ilé epo kan tí ilẹ̀ rẹ̀ tẹ́jú, kẹ́ ẹ sì mú pọ́ǹpù kan níbẹ̀. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta epo pé kó kún un, tó bá ti já fúnra rẹ̀, kó fà á yọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti máa ń bàjẹ́ nìyí. Àwọn ará wa kì í fẹ́ kí owó ní ṣẹ́ńjì. Pọ́ǹpù á já, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, á tún já, wọ́n á tún mi ọkọ̀, títí owó á fi gún régé. Táńkì ọkọ̀ yìí kò gbà ju lítà 36 lọ. Lítà méjì tí wọ́n bá rọ́ mọ́ ọn lọ́rùn lè ba gbogbo ìṣirò yín jẹ́. Tó bá di dandan, ẹ fi ṣẹ́ńjì náà ta á lọ́rẹ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò lẹ́nu pọ́ǹpù, ẹ tẹ bọ́tìnnì Trip, ìyẹn òǹkà tó ń ka bí ọkọ̀ ṣe rìn jìnnà tó, títí Trip A á fi jáde, kẹ́ ẹ sì dì í mú títí á fi kọ 0.0. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti dé ọ̀nà kí n tó rántí. Tó bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ó di táńkì míì nìyẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ máa wa ọkọ̀ yín bẹ́ ẹ ṣe ń wà á tẹ́lẹ̀. Ẹ má sọ ara yín di ẹni mímọ́ lójijì torí pé ẹ ń wọn epo. Ẹni tó bá sì jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ló ń ra epo, ₦5,000 lónìí, ₦10,000 lọ́túnla, kò sí wàhálà. Ẹ ṣáà kọ gbogbo lítà tẹ́ ẹ rà sílẹ̀, kí èyí tó kẹ́yìn sì jẹ́ ní pọ́ǹpù yẹn, kó kún títí tó fi já.

Ẹ padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣírò

Ẹ padà lọ nígbà tí epo bá kù bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ o. Tí epo bá tán nínú hybrid, bátìrì ló máa kù tí ẹ ó máa lò tán, ìyẹn sì lè kó yín sí gbèsè. Tó bá ti kún, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta kí wọ́n tó pa ojú pọ́ǹpù rẹ́: lítà, owó, àti Trip. Ohun tí mo kọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ní Challenge, n'Íbàdàn, nìyí: Trip 318.4, lítà 26.8.

Máìlì 318.4 lọ́nà 1.609 jẹ́ kìlómítà 512.3. Tá a bá fi 26.8 pín in, ó jẹ́ 19.1. Lítà kan gbé mi rin kìlómítà mọ́kàndínlógún àti díẹ̀. Ẹ tún fi kìlómítà pín owó tẹ́ ẹ san, kẹ́ ẹ lè mọ iye náírà tí kìlómítà kan ń gbà. Ìyẹn gan-an ló wúlò jù fún ẹni tó ń fi ọkọ̀ ṣe káràkátà.

Ní ti gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà, 45 ni mo rí. Dáṣíbọ́ọ̀dù kọ 48.2. Ó fi bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún bù mọ́ ọn. Kì í ṣe pé ọkọ̀ náà bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ kì í wọn epo bí ẹní wọn omi: iye ìgbà àti bó ṣe pẹ́ tó tó ń ṣí ihò tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnì ló fi ń ṣírò.

Ẹnì kan bi mí pé, tí pọ́ǹpù yẹn bá ń rẹ́ èèyàn jẹ ńkọ́? Ọkọ̀ yín á dára ju bí ìṣirò ṣe wí lọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yẹn ṣì jóòótọ́ fún àpò yín, torí lítà tí wọ́n kọ sójú pọ́ǹpù lẹ sanwó fún.

Táńkì kan kò tó

Táńkì mi kejì jáde ní 22.7. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ti pe àwọn èèyàn. Ẹ̀kẹta jáde ní 16.8. Kò sí ohun tó ṣe ọkọ̀: pọ́ǹpù ló tètè já nígbà kejì, ohun tí kò gbà nígbà yẹn ló gbà nígbà kẹta. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́ ẹ kó táńkì mẹ́ta pọ̀. Ẹ má ṣe ro èsì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ kẹ́ ẹ fi mẹ́ta pín in. Ẹ ro gbogbo kìlómítà, ẹ ro gbogbo lítà, kẹ́ ẹ wá fi lítà pín kìlómítà. Tèmi jẹ́ kìlómítà 1,407 nínú lítà 73.3. Ìyẹn jẹ́ 19.2.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ náà. Tí wọ́n bá gbé yín yí àdúgbò ká lẹ́ẹ̀kan tí dáṣíbọ́ọ̀dù sì kọ 70, ẹ má tíì sanwó. Bátìrì ńlá inú Prius C kò gba iná tó kilowatt-wákàtí kan, àmọ́ ìyẹn tó láti gbé ọkọ̀ rìn díẹ̀ láìsí ẹ́ńjìnì. Nínú odidi táńkì, kò ju epo ife kan lọ. Nínú ìrìn kìlómítà méjì, òun ni gbogbo rẹ̀.

Ohun tó ń gbé e sókè àti ohun tó ń fà á wálẹ̀

Ẹ jẹ́ ká wà nínú gòsílóò Berger. Ẹ́ńjìnì kú, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ dé, ẹ ń gbọ́ alágbàtà tó ń polówó gálà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. AC ṣì ń fẹ́, torí bátìrì ló ń gbé e. Ẹ wo àwòrán bátìrì: ó ń fà wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì di ìgbà kan, ẹ́ńjìnì á bú lójijì fúnra rẹ̀ láti fi iná kún un, á tún kú. Bí gòsílóò kò ṣe pa hybrid lára tó bí ó ṣe ń pa ọkọ̀ yòókù nìyẹn. Tí ọkọ̀ bá ti wà lóòrùn tipẹ́, ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé kí ooru jáde kẹ́ ẹ tó tan AC. Ó ń dín ìbú yẹn kù.

Àṣà kan wà tí àwa awakọ̀ Èkó mú wá láti ara ọkọ̀ àtijọ́: a dúró díẹ̀, a ti gbé jíà sí N. Nínú hybrid Toyota, bátìrì kì í gba iná tí jíà bá wà ní N. Ẹ fi í sílẹ̀ ní D, kẹ́ ẹ tẹ bíréèkì. Ẹ má sì gbé e sí N tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè. Tẹ́ ẹ bá tètè bẹ̀rẹ̀ sí í rọra tẹ bíréèkì láti òkèèrè, ẹ̀rọ iná ló ń dá ọkọ̀ dúró, ó sì ń dá iná padà sínú bátìrì. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ gbì, páàdì ló gbà á, ooru lásán ló dà.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ epo. Bó ṣe ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ní 120 ju ti 80 lọ ní ìlọ́po méjì àti ààbọ̀ ó dín díẹ̀. Ẹni tó bá ń sáré láti Ìbàdàn dé Èkó kó má bínú sí Toyota. Ìrìn kúkúrú náà burú: ọ̀dọ̀ alágbo, ilé, ilé ẹ̀kọ́, ilé. Ẹ́ńjìnì gbọ́dọ̀ gbóná kó tó máa rí ààyè kú, ẹ ó sì ti dé ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ kó tó gbóná. Ẹ pa wọ́n pọ̀ sí ìrìn kan.

Ẹ máa kọ nọ́ńbà yín sílẹ̀ lóṣooṣù. Tó bá já wálẹ̀ fún táńkì mẹ́ta léra láìjẹ́ pé ọ̀nà yín yí padà, ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ fọganáísà kó wo atẹ́gùn táyà bó ṣe wà lára sítíkà ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ihò tí bátìrì ń gbà mí lẹ́bàá ìjókòó ẹ̀yìn. Ọjọ́ tí mo ṣí tèmi, eruku, irun orí àti bébà súìtì ló kún ibẹ̀ dí pa, àwọn ọmọ sì ti gbé báàgì lé e. Mẹkáníìkì kan ti ní bátìrì ti kú, kí n lọ ra òmíì.