Bí a ṣe lè wo fíìmù Dracula ti ọdún 1931 lẹ́yìn tí a bá ti ka ìwé rẹ̀

Inú ẹni tó ti ka ìwé Dracula, ìtàn òkú kan tó ń jí lóru láti mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, tí Bram Stoker tẹ̀ jáde ní ọdún 1897, kì í sábà dùn nígbà tó bá wo fíìmù tí Tod Browning darí ní ọdún 1931. Ó dun èmi náà, nítorí pé ìwé yẹn lé oorun lójú mi, ṣùgbọ́n fíìmù ọ̀hún parí kí àyà mi tó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Síbẹ̀, ẹ má tíì pa á tì.

Ẹ kọ́kọ́ fi sọ́kàn pé eré orí ìtàgé ló wà láàárín ìwé àti fíìmù. Hamilton Deane ló sọ ìtàn náà di eré, John Balderston tún un kọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà, Bela Lugosi, òṣèré tó ṣe Dracula nínú fíìmù náà, sì ti kọ́kọ́ ṣe é nínú eré yìí ní New York ní ọdún 1927. Ìdí nìyí tí àwọn òṣèré fi ń dúró sínú pálọ̀, tí wọ́n ń ròyìn ohun tó yẹ kí a fojú ara wa rí. Ẹ ṣọ́ ibi tí Harker, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìtàn náà, ti ń wo ìta, tó ní òun rí ohun kan tó dà bí ajá ńlá tó ń sá kọjá lórí koríko: àwa òǹwòran kò rí nǹkan kan. Bí Dracula ṣe kú pàápàá, igbe ìrora rẹ̀ nìkan ni a gbọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí orí kejì ìwé náà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Níbẹ̀, Harker ń fá irùngbọ̀n nígbà tí Dracula gbé ọwọ́ lé e léjìká, àmọ́ kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀ nínú dígí. Nínú fíìmù, àpótí sìgá tó ní dígí nínú ìdérí rẹ̀ ni Van Helsing, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń dọdẹ Dracula, ṣí síwájú rẹ̀. Dracula tó ti ń fi ìwà ọmọlúwàbí bá gbogbo ilé sọ̀rọ̀ gbá a dànù lójijì, ojú rẹ̀ yí padà bíi ti ẹranko, kó tó rọra tọrọ àforíjì. Lójú tèmi, àyípadà yìí dára gan-an, nítorí pé ó gbé ẹ̀rù náà wá sáàárín àwọn ènìyàn.

Ẹ wò ó lóru, kí ẹ sì pa fáànù. Ẹ̀dà kan wà tí wọ́n fi orin Philip Glass sí lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ yan èyí tí kò ní in, torí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà wà lára ohun tó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú fíìmù yìí.

Ní ìparí, ẹ wá ẹ̀dà èdè Sípáníìṣì tí George Melford darí ní ọdún kan náà. Òru ni wọ́n ń yà á, nínú ilé kan náà tí àwọn ti Browning ń lò lọ́sàn-án, ó sì fi bí ìdajì wákàtí gùn ju tiwọn lọ. Ẹ dá àwọn méjèèjì dúró níbi tí Dracula ti kọ́kọ́ yọ lórí àtẹ̀gùn, kí ẹ sì wo bí kámẹ́rà Melford ṣe gòkè lọ pàdé rẹ̀.