Adìyẹ tó ń tu ìyẹ́ ara wọn: ibi tó pá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Kí ẹ tó dá adìyẹ kankan lẹ́bi, ẹ gbé èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ ń tán sọ́wọ́, kí ẹ yẹ gbogbo ara rẹ̀ wò. Ibi tó pá ló máa sọ ohun tó fà á.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn àti ẹ̀yìn ọrùn ló pá, àkùkọ ló ń gùn ún jù. Àkùkọ kan tó fún àgbébọ̀ mẹ́wàá. Ẹ ta èyí tó lé, tàbí kí ẹ fi se ọbẹ̀. Bó bá jẹ́ àyà nìkan, tí adìyẹ náà sì ń sàba, òun fúnra rẹ̀ ló ń tu ú. Bó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí lọ sí ìrù, tí ìyẹ́ tuntun sì ń hù bọ̀ lẹ́yìn, ó ń pààrọ̀ ìyẹ́ ni, kò sí ẹni tó ṣe é ní nǹkan kan.

Ìdí ìrù àti àyíká ihò ìdí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i lálẹ́, kí ẹ ya ìyẹ́ ibẹ̀. Ohun funfun tó ṣù mọ́ ìsàlẹ̀ ìyẹ́, ẹyin iná ni, ìyẹn kòkòrò kékeré tó ń gbé ara adìyẹ. Irú iná kan tún wà tí kì í gbé ara adìyẹ lọ́sàn-án. Ojú ihò igi tí wọ́n ń wọ̀ sí ló ń sá sí, torí náà ẹ yẹ igi náà wò pẹ̀lú. Ẹ lo oògùn oníyẹ̀fun tí dókítà ẹran bá júwe, kí ẹ sì tún un lò lẹ́yìn nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, torí pé kì í sábà pa ẹyin iná. Ẹ gbé agbada erùpẹ̀ gbígbẹ tí ẹ po eérú mọ́ síbẹ̀, kí wọ́n máa yí nínú rẹ̀.

Bí kò bá sí iná, ẹ bojú wo oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ èèyàn n'Ífẹ̀ ló ń ra fíìdì ẹlẹ́yin ní kòńgò, tí wọ́n á sì da èérí àgbàdo mọ́ ọn kó lè pẹ́. Fíìdì ẹlẹ́yin máa ń ní purotéènì bíi 16 sí 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí èérí bá kó ìdajì, ó lè wálẹ̀ sí nǹkan bíi 13. Purotéènì ni ìyẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn ló ṣe jẹ́ pé adìyẹ tí kò rí i nínú ọpọ́n á lọ máa jẹ ẹ́ lára ẹnìkejì. Àgbébọ̀ kan ń jẹ nǹkan bíi gíráàmù 110 sí 120 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi kílò kan àti díẹ̀ fún mẹ́wàá. Ẹ fún wọn ní fíìdì láìlú láàárọ̀. Bí àgbàdo bá máa wà rárá, ìrọ̀lẹ́ ni, kó má sì ju ẹ̀kúnwọ́ kan lọ fún adìyẹ mẹ́ta. Ikán tàbí ìdin lọ́sàn-án máa ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ so ìdì tẹ̀tẹ̀ tàbí gbọ̀rọ̀ rọ̀ sí ọ̀gangan orí wọn, kí ẹnu wọn rí nǹkan ṣe.

Àyè ńkọ́? Adìyẹ mẹ́wàá ń fẹ́ ilé tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ, tó sì fẹ̀ tó márùn-ún, yàtọ̀ sí àgbàlá. Ọpọ́n oúnjẹ méjì ló dáa, kí ọ̀kan wà níbi tí adìyẹ tó jẹ́ ọ̀gá láàárín wọn kò ti lè máa ṣọ́ èkejì. Àpótí tí wọ́n á máa yé sí, ọ̀kan fún adìyẹ mẹ́rin sí márùn-ún, kí ẹ ta àpò sí ẹnu rẹ̀ kó ṣókùnkùn. Adìyẹ tó bá ń yé lójú ìmọ́lẹ̀, ihò ìdí rẹ̀ á máa hàn pupa, àwọn tó kù á sì ṣá a. Èérún pákó ni kí ẹ tẹ́ sílẹ̀. Ẹ má lo èèpo kòkó, bó ti wù kó pọ̀ ládùúgbò tó: ó ní ohun tó lè pa adìyẹ bí wọ́n bá jẹ ẹ́.

Bí ẹ bá ti rí ẹni tó ń fìyà jẹ wọ́n, òun ni kí ẹ mú kúrò, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń lù. Ẹ fi agọ̀ dé e síbi tí kò ti lè rí wọn, nínú òjìji, pẹ̀lú omi àti oúnjẹ, fún ọjọ́ mẹ́rin sí méje. Tó bá padà, àlejò ló máa jẹ́ láàárín wọn. Alẹ́ ni kí ẹ dá a padà, nígbà tí wọ́n ti wọ̀.

Èyí tó bá ti ní egbò kò gbọ́dọ̀ sun àárín wọn lóru kan sí i, torí ẹ̀jẹ̀ ló ń pe ẹnu gbogbo wọn síbẹ̀. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ egbò náà: ṣíbí tíì kan tí kò kún sínú ìdajì lítà omi tí ẹ ti sè tó sì ti tutù. Ẹ má fi epo pupa pa á, àwọ̀ rẹ̀ nìkan tó láti tún pè wọ́n. Gígé ẹnu adìyẹ kò tọ́ nínú ọ̀wọ́ kékeré. Ìrora gidi ni, àìtó oúnjẹ tàbí àyè tó fà á á sì wà níbẹ̀.

Ìyẹ́ tó bá já sí àárín kò ní hù títí di ìgbà ìpààrọ̀ ìyẹ́. Èyí tí wọ́n fà tu tán máa ń hù láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà nínú igi ìyẹ́ tuntun, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a. Ẹ ya adìyẹ náà sọ́tọ̀ títí ìyẹ́ yóò fi là tán.